Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Iná Nínú Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ Rọ́bà

Ilé tí mo ti kọ́kọ́ dáná fún ọkọ mi ní sítíárì. Ó ní gíláàsì iwájú, ó ní bíréèkì tí kò dá nǹkan kan dúró mọ́, ó sì ní táyà tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú wọn pátápátá. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ igi máńgòrò kan nínú ọgbà iléeṣẹ́ ní Trans-Amadi, ní Port Harcourt. Àwọn òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ kiri fún àwọn elépo rọ̀bì ló ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́tò ni, ṣùgbọ́n yàrá ni ẹ̀yìn rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, tábìlì tó ṣeé ká mọ́ ara ògiri wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà lókè, sítóòfù gáàsì olójú méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ogun dé, àwọn òyìnbó náà bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ilé ẹlẹ́sẹ̀ rọ́bà wọn sílẹ̀ fún ẹyẹ àti aláǹgbá.

Ọdún 1969 ni a dé ibẹ̀, èmi àti ọkọ mi. A kò tíì pẹ́ tí a ṣe ìgbéyàwó. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni ọkọ mi ní iléeṣẹ́ náà. Wọ́n gbé e láti Èkó lọ sí Port Harcourt nítorí pé ìlú náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún tó ṣáájú, iṣẹ́ epo sì ń padà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun ṣì ń jà níwájú. Ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀ láti Àpápá. Mo bì títí tí n kò fi mọ̀ bóyá ìlú ni mo ń lọ tàbí ọ̀run.

Ilé kò sí. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà ni ìbọn ti bà jẹ́, àwọn ológun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ti gba èyí tó ṣì dúró. Wọ́n mú ọkọ mi lọ wo yàrá méjì kan ní ìgboro, pẹ̀lú àga àti bẹ́ẹ̀dì àti fọ́tò ìyàwó àti ọkọ tó ṣì wà lára ògiri. Ó wo fọ́tò náà títí, ó wá ní òun kò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹni tó sá fún ogun. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò burú, tí kò bá fẹ́ ilé, kí ó wá wo mọ́tò. Bí a ṣe di ará inú mọ́tò nìyẹn.

Kí n sọ òtítọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó kéré, ó mọ́, tí mo bá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi á tó ìkòkò, á tó ilẹ̀kùn, á tó ọkọ mi. Ohun kan ṣoṣo tí n kò mọ̀ ni gáàsì. Iná igi ni mo mọ̀ nílé wa ní Abẹ́òkúta, àti sítóòfù kẹrosíìnì nígbà tí mo wà ní Èkó. Ọkọ mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé òun yóò fi hàn mí.

Ó ní irunmú nígbà yẹn. Irunmú dáadáa ni, ó máa ń fi àdí yà á sí méjì láràárọ̀. Ó dúró níwájú sítóòfù bíi tíṣà, ó ní, “Wò ó, kí o yí èyí báyìí, gáàsì yóò máa bọ̀.” Ó yí i. Gáàsì ń bọ̀ lóòótọ́, a ń gbọ́ ọ tó ń ṣe ṣíì. Ìgbà náà ló wá rántí pé òun kò tíì mú ìṣáná. Ó wá a nínú àpò ṣòkòtò, kò sí níbẹ̀. Ó wá a lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó bi mí bóyá mo rí i, mo ní n kò rí i. Abẹ́ pílò ló ti wá rí i. Ó padà wá, ó tẹ̀ síwájú kí n lè rí ohun tí ó ń ṣe dáadáa, ó ṣá iná.

Ohun tó dún kò pariwo púpọ̀. Gbùù ló ṣe, bí ìgbà tí èèyàn bá gbọn aṣọ ńlá kan. Iná aláwọ̀ búlúù kan jáde, ó fọwọ́ kan ojú ọkọ mi fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì padà sílé. Nígbà tí mo la ojú, ìdajì irunmú ti lọ, irun ìpéǹpéjú ọ̀tún ti lọ, ilé sì ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ń wi ewúrẹ́. Kò fara pa. Ó fọwọ́ pa ibi tí irunmú wà tẹ́lẹ̀, ó wo ìka rẹ̀, ó wá bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ pé bí a kò ṣe gbọdọ̀ tan gáàsì ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù iná ti wọ inú ọkọ mi, kò sì jáde mọ́. Kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kan gáàsì rí nínú ọgbà náà tí kò lọ bá, láti orí ẹnjiníà títí dé orí àwọn tó ń jó irin. Ohun tí olúkúlùkù bá sọ fún un, òfin ni ó máa ń sọ ọ́ dà tó bá dé ilé. Ìṣáná ni a ó kọ́kọ́ ṣá, kí a tó yí gáàsì. Sìlíńdà kò gbọdọ̀ wọ inú ilé. Ìta ni yóò máa wà, ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò dé, a ó sì máa tì í pa ní gbogbo ìgbà tí a bá ti sè tán. Fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí tí nǹkan bá wà lórí iná. Kọ́tìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, kí a so ó sókè bí ẹni so irun. Àbẹ́là kò wọlé, fìtílà kò gbọdọ̀ rọ̀ sókè. Ní gbogbo Sátidé, ó máa ń po ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi títí yóò fi hó, yóò fi kànrìnkàn pa á sára rọ́bà gáàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò wá dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti wò bóyá ibì kan ń yọ ìfófòó, torí ibẹ̀ ni gáàsì ti ń jò. Ó wá garawa iyanrìn méjì, ó kùn wọ́n ní pupa, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó sì ń gbóòórùn kiri. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ó tó kí mi, imú rẹ̀ á ti lọ sókè. Á gbóòórùn ìdí sítóòfù, á gbóòórùn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wá gbá mi mọ́ra, á sì fa èémí gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn mi. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá òórùn gáàsì wà lára mi ni.

Nígbà tó yá, ó ní òfin nìkan kò tó, pé a gbọ́dọ̀ máa fi sísá kọ́ra. Ó pín iṣẹ́. Tí iná bá ṣẹ́ yọ, èmi ni kí n gba ẹnu ọ̀nà jáde, kí n sáré yí ká, kí n ti sìlíńdà pa. Òun, òun yóò gba fèrèsé ẹ̀yìn jáde, nítorí pé òun fẹ́ kí ó dá wa lójú pé ọ̀nà kejì wà tí iná bá gba ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé náà kò tóbi. Bó o bá tì í láti ìsàlẹ̀, yóò gbé ara rẹ̀ sókè, èèyàn á wá yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkọ mi tín-ín-rín nígbà yẹn, ó ń gba ibẹ̀ bí ẹja.

Lọ́sàn-án Sátidé kan ni a kọ́kọ́ dán an wò. Ó mú abọ́ irin àti ṣíbí, ó ní tí òun bá ti lu abọ́ náà, kí n gbà pé iná ti dé. Ó wá lù ú kíkankíkan, ó ń pariwo, “Iná o, iná o, ẹ jáde.”

Ohun tí a kò rò ni pé ìlú tí etí gbogbo èèyàn wà lójú ọ̀run ni a wà. Ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké àwọn ọ̀tá ti wá ju bọ́ǹbù rí, ìpayà rẹ̀ kò sì kúrò lára ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe gbọ́ irin tó ń dún, kò sẹ́ni tó dúró béèrè. Àwọn sójà tó ń ṣọ́ géètì bẹ́ sínú gọ́tà. Àwọn dẹ́rẹ́bà wọ abẹ́ lọ́rì. Obìnrin ará Ikwerre tó máa ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́nu géètì fi bọ̀ọ̀lì sílẹ̀ lórí wáyà iná, ó bá àwọn sójà nínú gọ́tà. Mo sáré yí ká mọ́tò, mo ti sìlíńdà pa, mo gbé ojú sókè, gbogbo ọgbà ti ṣófo. Mo rò pé ayé ti parí, pé àwa méjì nìkan ló kù.

Sájẹ́ńtì àwọn sójà náà ló kọ́kọ́ jáde. Ọkùnrin ṣìgbọnlẹ̀ kan ni, ẹrẹ̀ ti kùn ún láti àyà dé orúnkún. Ó béèrè ní ohùn rírọ̀, “Who beat that pan?” Ọkọ mi ṣì di abọ́ náà mú, nítorí náà kò sí bí ó ṣe lè fi ẹ̀sùn náà kan ẹlòmíràn. Ó ní òun ni, sà. Bí ó ṣe sọ ọ́, sájẹ́ńtì náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sí Yorùbá Ìbàdàn tó jinlẹ̀.

“Níbo ni iná náà wà?”

“Kò sí iná, sà. À ń kọ́ bí a ó ṣe sá ni, tí ó bá wà.”

Sájẹ́ńtì wo mọ́tò náà, ó wo mí, ó wo fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. “Ìwọ sá fún iná tí kò sí,” ó ní, “èmi náà sì lọ sùn sínú gọ́tà nítorí ọkọ̀ òfuurufú tí kò sí.” Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo rò pé yóò fi lù ú ni. Ó kàn wò ó yípo, ó ní láti òní lọ, fèrè ni kó máa fọn, kó sì wá sọ fún òun ṣáájú.

Ọkọ mi lọ sọ fún un lóòótọ́ nígbà tí Sátidé mìíràn dé. Sájẹ́ńtì wá wòran. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní bí ọkọ mi ṣe ń jáde kò dára, pé ẹsẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe orí. Ọkọ mi ní tí òun kò bá kọ́kọ́ yọ orí, báwo ni òun yóò ṣe rí ibi tí òun ń lọ? Wọ́n jiyàn lé e títí. Nígbà tí Sátidé mélòó kan ti kọjá, sájẹ́ńtì ti gba fèrè lọ́wọ́ ọkọ mi, òun ló ń fọn ọ́n, òun ló ń pàṣẹ, òun ló ń bá mi wí pé mo ń fẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, á jókòó sábẹ́ máńgòrò, á jẹ oúnjẹ mi. Ó ní ìyàwó nílé, kò sì rí i láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ogun parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ọ̀nà ṣí díẹ̀, ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo bí ọmọ òun ṣe ń gbé. Láti Ìjẹ̀bú ló ti wá. Afárá Odò Ọya ti bàjẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn sọdá ní Àsàbà. Ó wọ mọ́tò oríṣiríṣi kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, eruku sì ti sọ gèlè rẹ̀ di pupa. A gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo sítíárì níwájú, ó wò wá.

“Ọlọ́run ṣeun tí a tètè dé bá a,” ó ní. “Ìgbà wo ni yóò gbéra?”

Ọkọ mi ní kò ní gbéra, Màmá, ilé wa nìyí. Màmá ṣáà yọ bàtà rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Lóru, àwa tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní àárọ̀, orí àga dẹ́rẹ́bà ni mo ti bá a tó ń gbàdúrà, ó di sítíárì mú lọ́wọ́ méjèèjì.

Màmá kò fẹ́ràn gáàsì. Ó ní ọbẹ̀ tí kò bá rí èéfín, bí omi gbígbóná lásán ló ṣe ń dùn lẹ́nu òun. Lọ́jọ́ kẹta tí ó dé, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó rí èéfín tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Màmá ti to òkúta mẹ́ta, ó ti ki igi sí i, ìkòkò ẹ̀fọ́ sì ń hó lórí rẹ̀. Nítorí pé ó ń wá ibi tí atẹ́gùn kò dé, ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà gáàsì gan-an ló fi ìdí ààrò náà tì.

Mo ti mọ bí ọkọ mi ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ tó bá kan ọ̀rọ̀ iná. Ìyá rẹ̀ nìyí, kò lè bá a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, láàárín ààrò àti sìlíńdà, bí ẹni tó fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i: ẹ kú iṣẹ́ Màmá, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àárẹ̀. Ó ní ẹ̀fọ́ náà ń ta sánsán. Ó wá ní tí kò bá ní bí Màmá nínú, ìgò irin tó wà lẹ́yìn òun yìí, tí ó bá gbóná jù, ó lè gbé gbogbo wa padà sí Ìjẹ̀bú láìsan owó mọ́tò.

“Èmi kò fọwọ́ kan ìgò rẹ,” Màmá ní. “Dìde, bàbá mi, iyanrìn ń wọ̀ ẹ́ létí.”

A fi omi pa iná náà. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi ra páànù ògbólógbòó, ó kan ilé ìdáná kékeré fún un ní ìpẹ̀kun ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Màmá gba ibẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Òun àti obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì di ọ̀rẹ́. Màmá kò gbọ́ pijin, obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi gbogbo ọjọ́ sọ̀rọ̀. Tí mo bá béèrè ohun tí wọ́n ń sọ, Màmá á ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Síbẹ̀ kò ṣeé fi ojú kúrò lára rẹ̀. Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ewé ti hù nínú garawa iyanrìn pupa méjèèjì. Tẹ̀tẹ̀ ló gbìn sí ọ̀kan, ẹ̀fínrín ló gbìn sí èkejì. Ó ti po ilẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn náà. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé àwa kò mọ ìlò garawa. Ọkọ mi ti ìka bọ ìdí tẹ̀tẹ̀ náà, ó bu iyanrìn díẹ̀ wò. Níkẹyìn, ó ní iyanrìn ṣì ni, ó kàn ní irun lórí ni.

Ti pẹtiróòlù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkọ mi. Epo mọ́tò wọ́n nígbà yẹn, ẹni tó bá rí díẹ̀ á fi pamọ́. Ọ̀kan nínú àwọn dẹ́rẹ́bà mú kẹ́ẹ̀gì kan wá bá Màmá, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, Màmá sì gbà nítorí pé ọmọkùnrin náà mọ èèyàn kí. Ọkọ mi dé. Kò tíì fi ẹsẹ̀ kejì wọlé tí imú rẹ̀ ti sọ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa kẹ́ẹ̀gì náà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e jáde bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, ó gbé e dé ẹ̀yìn ògiri ọgbà kó tó mí. Nígbà tó padà dé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí Màmá fi gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbi tí wọ́n ń sùn.

Màmá wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. “Epo mọ́tò ni,” ó ní. “Inú mọ́tò náà ni mo sì gbé e sí.”

Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé kí n lè rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi fi Màmá sínú ìdánrawò ọjọ́ Sátidé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbé àpótí ìwé ẹ̀rí, kí ó sì jáde láìyà síbì kan. Sájẹ́ńtì fọn fèrè, Màmá gbé àpótí, ó mú agboorùn rẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ìrìn ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sájẹ́ńtì kò bá a wí. Ó ní tòun ló dára jù nínú gbogbo wa.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni iná gidi dé. Òjò ń rọ̀, òjò Port Harcourt tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé, nítorí náà kò ṣeé dáná níta. A se ìrẹsì. Sájẹ́ńtì wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú aṣọ ilé lára rẹ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ fún òun ní gáàsì ní bárékè, kí ọkọ mi fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han òun. Inú ọkọ mi dùn dé ibi pé ó gba dòdò dídín lọ́wọ́ mi. Ó da òróró sí páànù, ó ṣá ìṣáná kó tó yí gáàsì, gbogbo rẹ̀ rí bó ṣe yẹ. Ó tú kọ́tìnì sílẹ̀ láti fi han sájẹ́ńtì bí a ṣe ń so ó, ó wá kọ ẹ̀yìn sí iná, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ó ṣàlàyé nípa rọ́bà. Ó ṣàlàyé nípa ọṣẹ. Ó ń ṣàlàyé pé èèyàn kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí òróró tó wà lórí iná nígbà tí mo rí èéfín lẹ́yìn orí rẹ̀. Kí n tó sọ ọ́, òróró náà ti gbiná. Ahọ́n iná kan là sókè, ó sì gba ìdí kọ́tìnì mú.

Sájẹ́ńtì pariwo, “Fáyà,” ní irú ohùn tó fi máa ń pàṣẹ. Bí ó ṣe pariwo ni gbogbo wa ṣe bí a ṣe máa ń ṣe ní Sátidé. Màmá gbé àpótí, ó mú agboorùn, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e, mo sáré yí ká nínú òjò, mo ti sìlíńdà pa. Ọkọ mi dorí kọ fèrèsé ẹ̀yìn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kíyè sí ni pé ọkọ mi kì í ṣe ẹni tín-ín-rín mọ́. Láti ìgbà tí Màmá ti dé ni sájẹ́ńtì ti sọ pé kò pọn dandan kó máa jáde tán nínú ìdánrawò, kó kàn yọ orí, ó ti tó. Láàárín ìgbà náà, èmi ń sè lórí gáàsì, Màmá ń sè lórí igi, ọkọ mi sì ń jẹ méjèèjì kí inú ẹnikẹ́ni má bàa bàjẹ́. Orí rẹ̀ kọjá, èjìká rẹ̀ kọjá, ikùn rẹ̀ dúró. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Mo padà wọlé. Iná ń jó lórí páànù, kọ́tìnì ń jó, sájẹ́ńtì sì ti gbé korobá omi sókè. Ọkọ mi kò lè rí wa, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí èèyàn máa ń fẹ́ ṣe. Ó ń pariwo láti ìta nínú òjò, Màmá sì dúró sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agboorùn, ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà fún wa.

“Ó ní ẹ má da omi sí i,” Màmá ní.

Sájẹ́ńtì gbé omi sílẹ̀.

“Ó ní ẹ dé e. Ó ní ẹ fi ìdérí dé e.”

Mo mú ìdérí ìkòkò ìrẹsì, mo fi aṣọ tutù wé ọwọ́, mo ti ìdérí náà láti ẹ̀gbẹ́ títí ó fi bo páànù. Iná náà kú sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ó ku kọ́tìnì. Sájẹ́ńtì bẹ́ jáde, ó gbé garawa pupa kan, ó dà á lé kọ́tìnì tó ti já bọ́ sílẹ̀, tòun ti tẹ̀tẹ̀ inú rẹ̀. Èéfín gba gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi òjò, àti ọkọ mi tó ń béèrè láti ìta bóyá ó ti kú.

“Ó ní ṣé ó ti kú,” Màmá ní.

Mo ní kó sọ fún un pé ó ti kú.

Ó wá ku bí a ó ṣe gbà á padà. Sájẹ́ńtì fà á lẹ́sẹ̀, kò lọ. Mo po ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi títí ó fi hó, mo fi kànrìnkàn pa á mọ́ ọn níkùn yípo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, bí ó ṣe máa ń pa á mọ́ rọ́bà. Mo rọra ń tì í láti inú, Màmá dì í lọ́wọ́ méjèèjì láti ìta, sájẹ́ńtì sì lọ gbé èjìká rẹ̀ sókè. Ó yọ lójijì, ó sì ṣubú sínú ẹrẹ̀ lórí sájẹ́ńtì. Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ku ẹyọ kan. Màmá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó wo ọmọ rẹ̀ nílẹ̀.

“Ọjọ́ tí mo bí i pàápàá,” ó ní, “kò le tó báyìí.”

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wọlé, ó wo àjà tó ti dúdú, ó gbé ìdérí sókè díẹ̀, ó tún dá a padà. Ó bi mí bóyá iná jó mi, mo ní rárá. Ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó yẹ̀ wọ́n wò níwájú àti lẹ́yìn, ìka kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó yẹ kó ti bà mí tẹ́lẹ̀ wá bà mí. Ilé kékeré ni, ilẹ̀kùn kan ni. Bó bá jẹ́ pé àwọn Sátidé yẹn kò sí, n kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ì bá mọ ọ̀nà ìdí sìlíńdà nínú irú òjò bẹ́ẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

A jẹ ìrẹsì láìsí dòdò. Obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì ti gbọ́ ariwo. Ó wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rí gbogbo wa, ó padà lọ gbé bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun wá nínú páálí, kò sì gba kọ́bọ̀. Bí a ṣe ń jẹ ni sájẹ́ńtì sọ pé òun ti wí fún un láti ìjọ́ yìí pé ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yọ. Ọkọ mi ní tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni òun kọ́kọ́ yọ, inú iná ni orí òun ì bá wà, ta ni ì bá wá sọ fún wọn pé kí wọ́n má da omi sí i? Sájẹ́ńtì rò ó, ó ní òótọ́ ni. Ìgbà náà ni ọkọ mi wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ ròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, kò fi fèrèsé pamọ́. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àmọ́ wọ́n fi ọ̀rọ̀ iná gbogbo ọgbà náà sí ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Màmá padà sí Ìjẹ̀bú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Wọ́n gbé sájẹ́ńtì lọ sí Kàdúná; ó wá dágbére fún wa, ó jẹ àjẹyó, ó fi fèrè náà sílẹ̀ fún ọkọ mi.

Kí ọdún 1970 tó parí, iléeṣẹ́ rí yàrá méjì fún wa ní Rumuigbo, pẹ̀lú ògiri sìmẹ́ńtì àti ilé ìdáná níta, lọ́wọ́ baba kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí ilé rẹ̀ tó sì fẹ́ ayálégbé. Oyún oṣù mélòó kan wà nínú mi nígbà tí a ń kó ẹrù, ọkọ mi kò sì jẹ́ kí n gbé ohun tó wúwo ju pílò lọ. Mo gbá inú mọ́tò náà, mo nu sítóòfù, mo ti gbogbo fèrèsé. Ilé tuntun náà tóbi, ó sì dára. Síbẹ̀, bí a ṣe ń jáde ní géètì, omi bọ́ lójú mi, ọkọ mi sì rò pé èéfín bọ̀ọ̀lì ni.